Ta Ni Ń Lọ Wo Ọmọ Wa Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí kò dùn ún gbọ́. Àwọn kan yóò bi wá pé kí ló dé tí a kò fi í sílẹ̀. A kò fi í sílẹ̀ nítorí pé a ti fi í sílẹ̀ nígbà kan rí, a sì ti rí ohun tí ó bí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, ibi tí àwọn onílé wa ń pè ní gidan yari.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé àbùkù nìkan ni a mọ̀ ọ́n kà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá bímọ, a ń péjọ síbi ìkómọ. Bí ó bá gbéyàwó, a ń dá aṣọ. Bí ó bá ṣàìsàn, a ń rán ènìyàn lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ọsàn àti owó díẹ̀. Bí ó bá kú, a ń sin ín. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá sì ní àwọn fẹ́ gbé e lọ sí Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin, a ń dá owó ọkọ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ kan nínú wa, tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ẹjọ́, ẹ dáhùn: ta ni nínú wa ni ó ń lọ wò ó? Òkú ń rí wa. Aláìsàn ń rí wa. Ìyàwó tuntun ń rí wa. Ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni kì í rí wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan dìde ní ìpàdé wa. Opó ni, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Panteka. Àwọn ọlọ́pàá kó òun àti àwọn mìíràn, wọ́n ní wọ́n jí wáyà. Ìyá náà kúnlẹ̀ sí àárín wa, ohun méjì péré ni ó sì bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ní kí ẹnì kan tí ó mọ ọ̀nà kóòtù bá òun lọ, nítorí òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí ẹgbẹ́ máa rán ènìyàn lọ wo ọmọ náà ní ọjọ́ tí òun kò bá lè kúrò nídìí ọjà. Kò bèèrè owó.

Àgbà kan ní ẹgbẹ́ ọmọlúàbí ni ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ẹgbẹ́ olè. Ẹlòmíràn ní kí a jẹ́ kí ojú ọmọ náà rí nǹkan kí ó lè gbọ́n. Ìyá náà dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó jókòó. A sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ tí a óò fi ṣe àjọ̀dún.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ wa náà ni a fi kọ ìwé ìpàdé ọjọ́ náà. A kò sọ̀rọ̀ rárá. A ti ṣí ìwé náà wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ aṣọ gba ojú ewé mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ẹni tí yóò lọ rà á. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà gba ìlà kan: pé a gbọ́, a sì sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn náà kò dé títí di òní.

Oṣù mẹ́rìnlá ni ọmọ náà lò láìgba ìdájọ́. Nígbẹ̀yìn, olùfisùn kò yọjú sí kóòtù mọ́, adájọ́ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹnì kan kò sí lẹ́nu ọ̀nà láti pàdé rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan nínú wa kò mọ ọjọ́ ẹjọ́. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn dé Tudun Wada. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì kúrò ní ìlú. Ó kọjá lọ́dọ̀ wa ní ìsọ̀, kò kí wa. A kò lè bá a wí. Ìyá rẹ̀ kò wá sí ìpàdé mọ́, orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà nínú ìwé wa gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ ẹgbẹ́ lówó oṣù. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni ó jẹ ta ní gbèsè?

Nítorí náà ni a ṣe ń bá yín jà lónìí, a sì ń bá ara wa jà pẹ̀lú. A mọ ohun tí ẹ óò sọ, nítorí a ti gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, ẹ ó ní olè ni wọ́n. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, bí a bá ka ẹni mẹ́wàá, ó ju mẹ́fà lọ nínú wọn tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ẹjọ́ ni. Nínú àwọn tí a tilẹ̀ ti dá lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù November 2023: ìjọba àpapọ̀ tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni ó dè wọ́n mọ́bẹ̀? Owó ìtanràn ni. Adájọ́ ti ní kí wọ́n san owó kí wọ́n máa lọ ilé, wọn kò rí ẹni bá wọn san án. ₦585 mílíọ̀nù ni àwọn ilé iṣẹ́ dá jọ láti fi gbà wọ́n. Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín owó náà fún orí gbogbo wọn, kò tó ₦144,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye yẹn wé ohun tí ogún ènìyàn nínú wa ń ná sórí aṣọ àjọ̀dún kan, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá olè ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n tàbí ẹni tí kò ní ènìyàn.

Èkejì, ẹ ó ní kí ó jìyà kí ó gbọ́n. Bí ó bá jẹ̀bi, adájọ́ ni ó ń dá ìyà fún un, ó sì mọ iye rẹ̀. Ta ni ó fi wá ṣe adájọ́ kejì, tí a óò fi àìrójú ẹni kún ìdájọ́ kóòtù? Ẹ sì jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa irú ọgbọ́n tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ará ilé kò mú ọṣẹ wá fún, yóò gba ọṣẹ lọ́wọ́ ògbólógbòó ọlọ́ṣà tí wọ́n jọ wà ní yàrá. Ọṣẹ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá jáde, ẹni tí ó fún un ní ọṣẹ ni yóò mọ̀ ní ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àwa. Ẹni tí ó wọlé nítorí wáyà lè jáde pẹ̀lú ìbọn, àwa tí a fẹ́ kí ó gbọ́n ni yóò sì wá kan ilẹ̀kùn wa lóru.

Ẹ̀kẹta, ẹ ó ní orúkọ Yorùbá yóò bàjẹ́ lójú àwọn onílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dùn wá jù, nítorí pé ẹ̀rù àlejò ni ó bí i. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ ìbẹ̀wò kan. Ẹ ó rí ìyá Hausa pẹ̀lú kúlà tuwo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọkùnrin Igbo pẹ̀lú àpò gaàrí, wọn kò bo ojú. Wọ́dà tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn mọ ẹni tí ó ní ará àti ẹni tí kò ní. Bí ó bá pe orúkọ ọmọ Yorùbá, tí ẹnì kan kò dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ wa bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ó ní àwọn òbí rẹ̀ wà nílé, kí wọ́n wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní 28 March 2022, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ènìyàn lọ sínú igbó. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ará ilé láti wá bẹ àwa gan-an wò, ká má tilẹ̀ sọ ẹni tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n. Kí ni ìtumọ̀ ẹgbẹ́ ní àjò? Nítorí pé bàbá àti ìyá jìnnà ni a ṣe dá a sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ayọ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ jẹ́ ẹbí, ẹgbẹ́ ijó ni, kí a yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ó ní ìjọba ń bọ́ wọn. Títí di 2024, ₦750 ni owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan fún odidi ọjọ́ kan. Ní ọdún náà ni ìjọba fi ìdajì lé e, ó di ₦1,125. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ₦375 ni fún oúnjẹ kan. Ẹni tí ó bá ń ra nǹkan ní Kasuwar Barci kò nílò kí a ṣàlàyé fún òun ohun tí ₦375 lè rà.

A mọ̀ pé mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni wá nínú ẹgbẹ́ yìí, a kì í sì í fi ẹ̀sìn bá ara wa jà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ìwé méjèèjì sọ. Àlùkùránì sọ ọ́ nípa Yúsúfù, Bíbélì sọ ọ́ nípa Jósẹ́fù, ẹnì kan náà ni. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn kí ó tó dé ẹ̀wọ̀n. Ó bẹ agbọ́tí ọba tí ó ń jáde lọ pé kí ó rántí òun níwájú ọba. Agbọ́tí dé ààfin, ó gbàgbé, Jósẹ́fù sì tún pẹ́ níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé agbọ́tí kò hu ìwà ìkà kankan. Kò lù ú, kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ó kàn gbàgbé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ wa.

Àbí ẹ rò pé ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé ẹni iyì? Ní oṣù September 1963 ni kóòtù rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kàlàbá ni ó wà kí ìjọba Gowon tó tú u sílẹ̀ ní oṣù August 1966. Oṣù Keje 1963, kí ìdájọ́ náà tó jáde, ni Ṣẹ́gun àkọ́bí wọn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ìyá HID sin ọmọ, ó ń bójú tó ilé àti òwò, ó sì tún ń rin ọ̀nà jíjìn náà lọ sí Kàlàbá láti lọ rí ọkọ rẹ̀. Ojú kò tì í. Ó ti parí ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń sọ pé ọ̀nà jìn. Láti Tudun Wada sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná, ọkọ̀ inú ìlú ni.

Ní Kàdúná yìí kan náà, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí à ń sọ yìí, ni wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká pamọ́ sí nígbà ogun abẹ́lé. Ọdún 1967 ni wọ́n mú un, ọdún 1969 ni wọ́n tú u sílẹ̀, òun nìkan ni ó sì dá wà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láìsí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ti Nelson Mandela, nígbà tí ó dé erékùṣù Robben ní 1964, lẹ́tà kan àti àlejò kan ni òfin gbà fún un láàárín oṣù mẹ́fà. Ìjọba ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìbẹ̀wò ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àwa ni a dúró sílé tí a kò wọ̀ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò ní kí a lọ fún ẹnikẹ́ni ní rìbá. A kò ní kí a lọ purọ́ ní kóòtù. Bí ọmọ wa bá jalè, kí a sọ pé ó jalè, kí a sì lọ bẹ ẹni tí ó jà lólè. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun ti 2019 náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlàjà láàárín ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀, àti fún kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún èyí bí kò bá sí àgbà lẹ́yìn ọmọ? Àwọn baba wa ti wí pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fà á fún ẹkùn pa jẹ. Wọn kò sọ pé ọmọ ẹni kì í burú.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí, kí ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀ fọwọ́ sí i.

Èkínní, kí a yan ènìyàn mẹ́fà, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n máa lọ ní méjì-méjì sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lóṣooṣù. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ àti wákàtí ìbẹ̀wò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n mú lẹ́tà ẹgbẹ́ dání. Ọṣẹ, gaàrí, iyọ̀, sálúbàtà, oògùn tí dókítà kọ, ìwọ̀nyí ni kí wọ́n mú lọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́dà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá fi fóònù tàbí igbó pamọ́ sínú oúnjẹ ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo wa, kí ẹgbẹ́ yọ ọ́.

Èkejì, kí ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí á kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ̀sùn rẹ̀, kóòtù rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ tún kàn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹ̀ka 35, sọ pé ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kì í ṣe ti ikú, bí a kò bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, kí a tú u sílẹ̀, yálà bẹ́ẹ̀ lásán tàbí pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wá jẹ́jọ́. Ẹ̀ka 36 sọ pé kí a sọ ẹ̀sùn fún un ní èdè tí ó yé e, kí á sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kóòtù. Ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ ka oṣù, kí ó sì lanu sọ̀rọ̀. Bí ìyá tí à ń wí bá ti rí ẹnì kan bá a ka oṣù, bóyá ọmọ rẹ̀ kì bá tí lo mẹ́rìnlá.

Ẹ̀kẹta, kí a máa mú orúkọ ẹni tí kò lágbára láti gba lọ́yà lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council. Láti 1976 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀ láti máa gba ẹjọ́ tálákà rò. Kò yẹ kí ìtìjú dí wa lọ́wọ́ lílọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọdún bá gorí ọdún tí ẹlẹ́wọ̀n kò gbúròó ilé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ti kú. Kí a máa gbé iṣẹ́ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kí a sì gbé ti ọmọ padà. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà, ṣùgbọ́n a lè kọ lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ní ọmọ, ọkọ, ìyàwó tàbí àbúrò níbẹ̀, kí ó wá sí ìsọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́. A óò kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ṣe sọ ọ́, a kò ní gba kọ́bọ̀, a kò sì ní sọ fún ẹnì kan.

Ẹ̀karùn-ún, ọjọ́ ìjáde. Kí ènìyàn wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí aṣọ mímọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí owó ọkọ̀ wà. Kí ọ̀gá iṣẹ́ kan nínú wa sì dìde pé òun yóò gbà á padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀nà tí ó gùn jù nínú ẹ̀wọ̀n ni èyí tí ènìyàn dá rìn padà sílé.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ kò ní kú bí aṣọ àjọ̀dún ọdún yìí bá jẹ́ èyí tí a ní nílé. Kí á fi owó aṣọ bẹ̀rẹ̀ àpò yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kò wá, kí ó dìde ní ìpàdé, kí ó sọ ọ́ sókè, kí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní fi ìlà kan kọ ọ́.

Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. A ti rán ènìyàn méjì lọ bẹ ìyá ẹlẹ́kọ náà kí ó padà wá sí ìpàdé. Kò tíì dá wa lóhùn. Bí ó bá wá, kí àga rẹ̀ wà ní iwájú, kí àwọn àgbà sì jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.